Ogún Ọdún Lẹ́nu Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Ìwé-Àṣẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Ayàwòrán-Ilé Tó Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Mọ̀ Kó Tó Jókòó Ṣèdánwò

Ẹni tó bá gbéra láti Òṣogbo, tó gba Ìkìrun dé Ìnísà, tó sì ti ibẹ̀ wọ Òkukù kó tó kọrí sí Ọ̀fà, yóò rí oríṣiríṣi ilé tí ìtàn wọn kò jọra. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ń bẹ níbẹ̀ tí òpó àti ojú fèrèsé wọn jọ iṣẹ́ àwọn Àgùdà Èkó. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin, ni owó òwò àti owó kòkó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun tí àwọn olówó ìlú ń kọ́. Ilé àwọn ará Ìnísà tó ṣòwò ní Gáná náà wà níbẹ̀, àwọn tí ìjọba Gáná lé wálé pẹ̀lú àwọn Yorùbá yòókù ní 1969. Lónìí, ilé búlọ́ọ̀kù aláyíká, onípáànù aláwọ̀, ti gba ẹ̀bá títì láti ìlú dé ìlú.

Bí ẹ bá béèrè ẹni tó ya àwòrán àwọn ilé tuntun wọ̀nyí, orúkọ tí onílé yóò dá fún yín lè máà jẹ́ orúkọ tó wà lára ìwé tí wọ́n fi gba àṣẹ ìkọ́lé. Ọkùnrin tó ya á lè ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ bí ilẹ̀ ẹ̀bá odò Ọ̀tìn ṣe ń mu omi, ó mọ bíríkìlà tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì lè wo ilé lókèèrè kó sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá dé ọ́fíìsì ètò ìlú, wọn yóò ní kó mú òǹtẹ̀ wá. Òǹtẹ̀ ni kò ní. Ó di kó wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ní in ní Òṣogbo tàbí ní Ìbàdàn, kí onítọ̀hún fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lu iṣẹ́ tí kò bá wọn ṣe, lórí ilẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, kó sì gba owó díẹ̀ nídìí rẹ̀.

Yíyá òǹtẹ̀ yìí ti wọ́pọ̀ débi pé àwọn kan kò kà á sí ohun tó burú mọ́. Ó burú. Ẹni tó yá òǹtẹ̀ ti gba ẹ̀bi ohun tí kò mọ̀ sọ́rùn, ẹni tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń ta ọgbọ́n orí rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, torí pé kò lè béèrè owó ọ̀gá nígbà tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Onílé tó sanwó ni kò mọ ẹni tí yóò dì mú bí ògiri bá lanu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè gbà di ẹni tó ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ dáadáa fi máa ń kọsẹ̀ nínú ìdánwò tí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ń yege nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti inú òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NIA, ti wà láti ọdún 1960 tí a gba òmìnira. Ẹgbẹ́ lásán ni, bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Àjọ tí òfin fún lágbára ni ARCON, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Gowon fi òfin dá sílẹ̀ ní 1969. Àjọ yìí ló ń pa ìwé orúkọ mọ́, òun ló ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó, òun náà ló sì lè yọ orúkọ ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́. Lójú òfin, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà mọ ilé yà ni ayàwòrán-ilé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ yìí ni, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti rú òfin. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 náà sọ pé àwọn onímọ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ ni kó ṣe àwòrán tí wọn yóò fi gba àṣẹ ìkọ́lé. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì ètò ìlú fi ń béèrè òǹtẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí, kó rántí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, l'Ékòó, wó lulẹ̀, tó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì. Kí wọ́n tó kó òkú tán ni ìwé ti ń jáde: lẹ́tà kan hàn tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ ní 2020 pé àwọn yọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn, nítorí pé òun gan-an ni kókó ìdánwò tí à ń sọ yìí. Ohun tí òfin ń wá lọ́wọ́ onímọ̀ kọjá pé kó mọ ìgbà tí nǹkan kò dára. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà náà, kó ṣe é lásìkò, kó sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ta ló wá lè jókòó ṣe ìdánwò yìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní Professional Practice? Ẹni tó ti gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kejì nínú yíya àwòrán ilé ní yunifásítì tí ARCON fọwọ́ sí ni. Nítòsí wa níbí, yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Oyè àkọ́kọ́ nìkan kò tó, ohun tó sì ti dá ọ̀pọ̀ dúró nìyẹn: wọ́n gba oyè àkọ́kọ́, iṣẹ́ yọjú, owó ń wọlé, wọ́n ní àwọn yóò padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ sì di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn oyè kejì, èèyàn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún méjì lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, kó máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ sì máa fọwọ́ sí i. Ìwé yìí wà lára ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìdánwò àkọsílẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ máa ń dun àwọn àgbà. Ẹni tó ti dá ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ní Ìkìrun, tó ti ya ilé tó kún àdúgbò kan, lè rí i pé ọdún kan ṣoṣo kò sí nínú ogún náà tí wọn yóò kà fún un. Kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ilé wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kò lè sọ ẹni tó pinnu pé kí wọ́n fi irin báyìí sí òpó, tàbí ẹni tó ṣèpàdé pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ báyìí. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí gbọ́dọ̀ gbà láti tún di ọmọ-iṣẹ́ fún ọdún méjì. Kò túmọ̀ sí pé kó ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ohun tí a rí pé ó bọ́gbọ́n mu jù ni kó lọ bá ayàwòrán-ilé kan ní Òṣogbo, kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé iṣẹ́ tí òun bá rí ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù yóò gba ọ́fíìsì onítọ̀hún kọjá, kí ọ̀gá náà máa wá wo iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí wọ́n sì jọ pín owó rẹ̀. Owó tí yóò wọ àpò rẹ̀ lè dín kù díẹ̀, àmọ́ àkọsílẹ̀ tí yóò bá a dé yàrá ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó hùmọ̀ nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ti rí irú rẹ̀ rí: bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ọdún méjì tí kò sí ọjọ́ kan tí òjò dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ sì máa gbé e fún ọ̀gá kó fọwọ́ sí i kó tó gbàgbé. Àléébù mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ kò ní ju àwòrán yíyà lọ. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí onílé kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́, ó sì dé ìgbà tí wọ́n san owó ìkẹyìn fún agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tí kò bá tíì bá wọn jókòó ní ìpàdé ibi iṣẹ́, tí kò tíì bá aṣírò owó ilé ṣiṣẹ́, tí kò sì tíì fi ìwé wá àṣẹ ní ọ́fíìsì ètò ìlú, kó tètè wá ọ̀nà tí yóò fi ṣe é kí ọdún méjì náà tó pé.

Nípa ìdánwò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kùnà ni pé, "Wọn ò béèrè ohun tí mo mọ̀." Òótọ́ ni. Ìdánwò náà gbà pé ẹ ti mọ ilé yà, nítorí pé yunifásítì ti dán an wò. Ohun tó ń wò ni bóyá a lè fi owó ẹlòmíràn, ilẹ̀ ẹlòmíràn àti ẹ̀mí ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi kún fún òfin, àdéhùn, owó àti ìwà. Ìrírí máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀, ó sì tún máa ń kó bá a, nítorí pé ohun tí a ti ń ṣe fún ogún ọdún lè jẹ́ ohun tí ìwé sọ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ Ìkìrun, tó ń ṣòwò l'Ékòó, ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé. Agbaṣẹ́ṣe ti ṣiṣẹ́ dé orí òrùlé, ó mú ìwé owó wá, wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, ó dára, owó tó béèrè sì tọ́. Kí ayàwòrán-ilé tó fọwọ́ sí ìwé ìsanwó, Alhaji pè é lórí fóònù.

"Akitẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé ọkùnrin yẹn o. Ọjà ò tà lóṣù yìí. Ẹ bá mi wá àléébù díẹ̀ sí iṣẹ́ ẹ̀ lára."

"Alhaji, mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn dára o."

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé èmi ni mò ń sanwó yín."

Kí ni ẹ ó ṣe? Ìbéèrè tó jọ èyí kì í jìnnà sí irú ìdánwò báyìí. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lágbègbè wa yóò fẹ́ dáhùn pé òun yóò bá Alhaji fi ọgbọ́n fà á sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ń sanwó fún ni là ń bá lọ. Kò ní gba máàkì kan níbẹ̀. Nínú yíya àwòrán, lóòótọ́, aṣojú onílé ni ayàwòrán-ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan fífọwọ́ sí ìwé ìsanwó, àárín méjì ló dúró, kò sì gbọdọ̀ ṣègbè. Ìdáhùn tó yẹ ni pé kó fọwọ́ sí ìwé náà ní iye tó tọ́, ní àkókò tí àdéhùn sọ, kó kọ lẹ́tà tó níwà sí Alhaji láti ṣàlàyé ohun tó lè tìdí àìsanwó yọ, títí kan pé agbaṣẹ́ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú onílàjà. Bí Alhaji bá ní ìṣòro owó, kó jókòó pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, kí wọ́n jọ sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Kí ayàwòrán-ilé má fi àléébù tí kò sí parọ́ mọ́ oníṣẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn adájọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1974, tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Sutcliffe àti Thackrah. Ayàwòrán-ilé fọwọ́ sí owó iṣẹ́ tí kò dára, onílé san án, agbaṣẹ́ṣe sì wọko gbèsè débi pé owó náà kò ṣe é gbà padà mọ́. Ilé-ẹjọ́ sọ pé kò sí ààbò fún ayàwòrán-ilé tó ṣe iṣẹ́ náà láìbìkítà, onílé lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àdéhùn ìkọ́lé tí à ń lò ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ẹnu náà ń mú àwọn àgbà. Lórí ilẹ̀ iṣẹ́ wa níbí, ẹnu la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: "Ẹ sún ilẹ̀kùn yẹn sí ọ̀tún," bíríkìlà á sún un, ó parí. Nínú ìwé àdéhùn tó wà fún iṣẹ́ ńlá, àṣẹ tí wọ́n fi ẹnu pa kò tíì di àṣẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní lè dáhùn bí wọ́n bá béèrè ẹni tí yóò san owó ilẹ̀kùn tí wọ́n sún náà.

Bákan náà ni owó tí a ń dá dúró lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ká ní iṣẹ́ náà jẹ́ ogún mílíọ̀nù náírà, tí àdéhùn sì sọ pé kí wọ́n dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dúró. Mílíọ̀nù kan nìyẹn. Nígbà tí ilé bá ti ṣe é gbé, tí ayàwòrán-ilé sì ti kọ ìwé pé iṣẹ́ ti parí, wọn yóò fún agbaṣẹ́ṣe ní ìdajì rẹ̀, ₦500,000. Ìdajì kejì yóò dúró títí àkókò àtúnṣe yóò fi kọjá, èyí tó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí òrùlé bá jò láàárín àkókò yẹn, agbaṣẹ́ṣe ni yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ní ìlú wa, onílé àti oníṣẹ́ ti máa ń túká ní ọjọ́ ìṣílé, tí òjò àkọ́rọ̀ yóò sì bá wọn nínú ìjà. Bí àkókò àtúnṣe bá ní òjò nínú, ọ̀pọ̀ ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní sí, a sì lè fi èyí ṣe ìdáhùn tó dára nínú ìdánwò bí wọ́n bá béèrè ìwúlò rẹ̀.

Lórí ìwà, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò. Owó tí oní-sìmẹ́ńtì, oní-irin tàbí oní-páànù máa ń ti sí ayàwòrán-ilé lápò pé ó mú oníbàárà wá, ẹ̀bùn là ń pè é níbí. Ìlànà iṣẹ́ kò pè é bẹ́ẹ̀. Owó tí onílé ń san fún un nìkan ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gba èyí fún ọdún pípẹ́ yóò rí i pé ọwọ́ òun ń lọ́ra láti kọ ìdáhùn tó tọ́, ìdánwò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ẹni tó ní ìyàwó, ọmọ àti oníbàárà ṣe lè múra sílẹ̀? Oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé ṣókí tí ẹnì kan tẹ̀ fún títà. Òfin ARCON kò gùn, èèyàn lè kà á tán ní alẹ́ ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìlànà ìwà, ìwé àdéhùn ìkọ́lé tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 1990, ìwé ìlànà ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2006, àti òfin ilẹ̀ ti 1978 tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Bí ẹ bá ti ń kà, ẹ máa bi ara yín pé: níbo ni èyí ti ta ko ohun tí mò ń ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fa ìlà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò ti fẹ́ kọ ìdáhùn tí kò tọ́.

Ohun tó tún ń fìyà jẹ àwọn àgbà ju bí wọ́n ṣe rò lọ ni ọwọ́ kíkọ. Ẹni tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè máà tíì fi bírò kọ ojú ìwé mẹ́rin léraléra láti ìgbà tó ti kúrò ní yunifásítì. Wákàtí kan kò ní pé tí ìka yóò fi máa dun ún, gbólóhùn rẹ̀ yóò sì dà bí àkọlé àwòrán. Ẹ mú ìbéèrè àtijọ́, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ ṣe é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà láti Ìkìrun dé Òkukù tó fẹ́ jókòó ṣe é lọ́dún kan náà, kí wọ́n máa pàdé lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, kí ọ̀kan máa fún èkejì ní máàkì. Ẹ tún wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ni. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ní ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò bi yín ní ìbéèrè kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ọ̀gá ni lọ́jọ́ náà, kí ẹ fún un ní ọ̀wọ̀ ọ̀gá. Yóò na ìka sí àwòrán yín, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló dé tí ẹ kọjú yàrá yìí sí ìwọ̀-oòrùn?" Ìdáhùn pé bí onílé ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn kò tó. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló sì ń gbóná mọ́ ògiri jù. Nítorí náà ẹgbẹ́ ilé tó gùn ló yẹ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bí ààyè ilẹ̀ kò bá gba bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fi dín ooru náà kù: ìbòrí fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi tí ẹ gbìn. Iṣẹ́ tí ẹ bá mú wá gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín. Àwọn kan ti gbé àwòrán ọ̀gá wọn lọ, ìbéèrè kejì ni àṣírí ti tú. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ ẹni tí ẹ ó bi àti ìwé tí ẹ ó wò. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun pin sí kò léwu fún onílé.

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìmẹ́nu ba àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, àwọn tó ní HND. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà láàárín Ìkìrun àti Òkukù, àwọn ni wọ́n ń yà á. Ọdún iṣẹ́ wọn, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò ṣí ilẹ̀kùn ìdánwò yìí fún wọn. Ọ̀nà tó wà ni kí wọ́n fi HND náà wọ yunifásítì láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní, kí wọ́n gba oyè àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé oyè kejì. Ọ̀nà náà jìn, ó sì ń náni lówó. Ẹni ogójì ọdún tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ti súnmọ́ àádọ́ta kó tó lu òǹtẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní èrò tiwa, ó yẹ kí àwọn aṣòfin àti ARCON ronú lórí ọ̀nà tóóró kan fún irú àwọn ẹni wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun wà, àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York àti California gbà kí ẹni tí kò ní dìgírì yíya àwòrán ilé fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ dí àlàfo náà. Ìdánwò wọn kò rọ̀ fún ẹnikẹ́ni o. Apá mẹ́fà ni, láti orí bí a ṣe ń ṣàkóso ọ́fíìsì títí dé bíbójútó ilé tí wọ́n ń kọ́, a sì lè mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn jẹ́ 3,740 wákàtí. Kò sí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé-àṣẹ nítorí ewú orí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, ṣé gbogbo ẹni tó kọ́ ohun tó dára ló ṣèdánwò? Rárá. Adébísí Àkànjí tó bá Susanne Wenger mọ àwọn ojúbọ àti ògiri igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, bíríkìlà ni. Demas Nwoko, ẹni tó ṣe ilé ìsìn àwọn Dominican àti gbọ̀ngàn àṣà tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ní Venice, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ìkọ́lé tó lókìkí jù lágbàáyé. Ìdánwò kankan kò lè wọn irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì dúró ti iṣẹ́ wọn ní gbangba, orúkọ wọn ló sì wà lára rẹ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó ń fara pamọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá yege, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, yóò ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ tirẹ̀, yóò sì lè fi ARC. ṣíwájú orúkọ láìbẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn tó ń ya ilé ní ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn lù ú. Kó ní kí wọ́n mú iṣẹ́ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ wo ilẹ̀, kó tún ohun tó bá yẹ ṣe nínú àwòrán, kó sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá ti ní oyè tó yẹ. Owó kan tún wà tí ARCON ń gbà lọ́dọọdún kí ìwé-àṣẹ tó lè máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá san án kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, bó ti wù kí òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dán tó.